Ìwà Lẹwà Ọtí: Ọ̀rọ̀ lórí Jura àti Wáìnì Rẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ìwà lẹwà. Ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ náà bá wí, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí a kò fi lè fi wọn ohun mímu wò. Ọtí kan lè dùn kí ó má níwà: ẹni tó mu ún yóò gbádùn rẹ̀, yóò sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ó tó délé. Òmíràn lè ṣe àjèjì sí ẹnu ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó tilẹ̀ mú kí ènìyàn fajú ro, síbẹ̀ kí ẹni tó mu ún má lè gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Irú ọtí kejì yìí ni wáìnì agbègbè Jura ní ilẹ̀ Faransé, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi yóò béèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọtí àwọn Faransé. Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ ààlà. Bí a bá lè fi etí Yorùbá gbọ́ orin òyìnbó, kí a sì sọ èyí tó dára níbẹ̀ àti èyí tí kò dára, a lè fi ahọ́n Yorùbá tọ́ ọtí wọn wò. Ìdí kejì sì wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jura lọ́wọ́ àwọn adájọ́ ọtí ayé ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ohun kékeré tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ńlá. Wọ́n kọ́kọ́ fi ojú tín-ín-rín wò ó nítorí pé kò jọ ti aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé e gẹ̀gẹ̀ nítorí pé wọ́n rí ibi tí ó ti jọ ọ́. Lójú tèmi, ìdájọ́ méjèèjì ló ṣìnà. Ìwà Jura wà nínú ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ti fi ẹnu kò lé lórí pé àwọn kò ní í ṣe, àti nínú sùúrù tí wọ́n fi ń dúró de ohun tí ẹ̀dá yóò ṣe fúnra rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀.

Ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni Jura wà, láàárín Burgundy, tí òkìkí wáìnì rẹ̀ kàn dé òpin ayé, àti orílẹ̀-èdè Switzerland. Òkè ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìhà Switzerland, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ ní ìhà Burgundy. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ni wọ́n gbin àjàrà sí. Ọgbà àjàrà náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, ó lọ láti ìtòsí ìlú Salins-les-Bains ní àríwá dé Saint-Amour ní gúúsù, nǹkan bíi kìlómítà 80. Amọ̀ aláwọ̀ eérú ló pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, òkúta ẹfun sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Òkúta náà lókìkí ju ọtí ibẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń wá orúkọ fún sáà kan nínú ìtàn ayé, sáà tí àwọn ẹranko ńlá tí wọ́n ń pè ní dáínósọ̀ ń rìn káàkiri, orúkọ òkè Jura ni wọ́n mú. Ọmọ iléèwé tó bá ti gbọ́ nípa sáà Jurassic ti gbọ́ orúkọ agbègbè ọlọ́tí yìí láìmọ̀.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni Jura kéré. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọgbà àjàrà ibẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 20,000. Ní ọdún 1879 ni wọ́n kọ́kọ́ rí phylloxera níbẹ̀, kòkòrò kékeré kan tó ti Amẹ́ríkà wá, tó ń mu oje gbòǹgbò àjàrà títí igi yóò fi kú. Bí kòkòrò ti ń pa igi ni ọkọ̀ ojú irin ń kó ọtí olówó pọ́ọ́kú wá láti gúúsù, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ. Lónìí, nǹkan bíi hẹ́kítà 2,000 ló kù, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ti agbègbè Bordeaux nìkan jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀.

Mo tẹnu mọ́ ìtàn yìí nítorí pé àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ nípa Jura bí ẹni pé ẹwà ni kíkéré fúnra rẹ̀. Àpá ni kíkéré náà. Ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ni pé, nígbà tí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti lọ, kí ni àwọn tó kù dì mú? Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sáré gbé jáde la fi ń mọ ohun tó ṣe iyebíye lójú rẹ̀. Ó rọrùn fún àwọn àgbẹ̀ Jura láti fa àjàrà àbáláyé tu, kí wọ́n sì gbin èyí tó ń so wọ̀ǹtìwọnti. Òmíràn nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí orúkọ Jura wà lọ́wọ́ wọn di àjàrà ìbílẹ̀ mẹ́ta mú: Savagnin, tí wọ́n fi ń ṣe ọtí funfun, àti Poulsard pẹ̀lú Trousseau, tí wọ́n fi ń ṣe ọtí pupa. Wọ́n tún ní Chardonnay àti Pinot Noir, tí àwọn pẹ̀lú Burgundy jọ ń gbìn láti ìgbà pípẹ́. Nínú márààrún, Savagnin ló ṣòro jù. Kì í tètè pọ́n, kì í so púpọ̀, kíkan inú èso rẹ̀ sì le. Òun gan-an ni wọ́n fi jọba.

Ọtí tó gbayì jù tí wọ́n ń fi Savagnin ṣe ni wọ́n ń pè ní vin jaune, ìyẹn ọtí aláwọ̀ ìyeyè. Kí a tó lè mọ ohun tó ṣe àrà ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn ọlọ́tí yòókù ń ṣe. Ọ̀tá ni afẹ́fẹ́ jẹ́ sí wáìnì. Bí ọtí bá wà nínú àgbá onígi, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gba ara igi jáde bí oruku tí ojú kò rí, àyè yóò sì máa ṣí sílẹ̀ lókè àgbá. Ọlọ́tí tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí àyè náà wà. Ó máa ń bu ọtí kún un lóòrèkóòrè kí afẹ́fẹ́ má ba à bà á jẹ́. Ní Jura, bí ọtí Savagnin bá ti wọ inú àgbá tán, wọ́n á pa á tì, wọn kò sì ní í bu nǹkan kan kún un mọ́. Bí ó bá ṣe díẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọtí náà, bí awọ tí í bo ojú ẹ̀kọ gbígbóná tí a bù kalẹ̀. Ìwúkàrà ni awọ yìí, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹbí àwọn tó ń mú ìyẹ̀fun wú tí wọ́n sì ń mú ẹmu hó. Ìbòjú ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Abẹ́ ìbòjú yìí ni ọtí náà yóò wà fún oṣù 60, ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú àgbá kí ó tó di ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ní ọdún kẹfà lẹ́yìn ìkórè.

Ìbòjú náà ń ṣe bí aṣọ̀nà tó mọṣẹ́: kì í dí afẹ́fẹ́ pátápátá, kì í sì í jẹ́ kí ó wọlé bí ó ti wù ú. Ní gbogbo àkókò yìí ni ó ń yí ọtí abẹ́ rẹ̀ padà. Ohun tó bá jáde níkẹyìn gbẹ lẹ́nu, kò ní adùn ṣúgà rárá. Òórùn rẹ̀ mú ni rántí àsálà àti kọ́rì àti èso tí a sá gbẹ. Kíkan rẹ̀ mú, adùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lọ́fun lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbá ló ń yege. Nínú òmíràn, ìbòjú yóò ṣe aláìsàn, ọtí yóò sì máa lọ sí ọ̀nà ọtí kíkan. Nítorí náà ni ọlọ́tí ṣe ní láti máa tọ́ àgbá kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì yọ èyí tó fẹ́ ṣìnà kúrò ní àkókò. Bí ọdún bá pé, ohun tó kù nínú lítà kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń wí, kò ju sẹ̀ǹtílítà 62 lọ. Nítorí èyí ni wọ́n fi ní ìgò kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní clavelin, tó ń gba sẹ̀ǹtílítà 62 géérégé. Òfin ìgò ilẹ̀ Yúróòpù gba ìwọ̀n yìí láyè fún ọtí náà nìkan. Mo fẹ́ràn ìgò yìí nítorí pé kò fi àdánù pamọ́: ẹni tó rà á ń rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé díẹ̀ ti lọ sí i.

Àwọn lámèyítọ́ ọtí, pàápàá àwọn tó ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a máa ṣàlàyé vin jaune nípa fífi í wé sherry, ọtí ìlú Jerez ní ilẹ̀ Sípéènì, nítorí pé abẹ́ irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ ni irú kan nínú sherry náà ti ń dàgbà. Àfiwé yìí ran òǹkàwé lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ó ṣì í lọ́nà. Ẹ̀wà ni ìyá àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹni tó sọ pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni àkàrà tí a kò dín kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun kan fún wa nípa ọ̀lẹ̀lẹ̀. Àṣà Jerez ni láti fi ọtí líle díẹ̀ ran ọtí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa po ọtí ọdún púpọ̀ pọ̀ kí ó lè rí bákan náà lọ́dọọdún. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, ó sì gba ìmọ̀ púpọ̀. Ti Jura yàtọ̀: wọn kì í fi ọtí líle ràn án lọ́wọ́, ọtí ọdún kan ṣoṣo ni, ọdún náà ni wọ́n sì ń kọ sára ìgò. Jerez ń wá ohun tí kì í yí padà. Jura ń pa ìrántí ọdún kan mọ́, ìbáà jẹ́ ọdún òjò tàbí ọdún oòrùn. Ète méjì tó yàtọ̀ síra ni, a kò sì lè fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì. Lámèyítọ́ tó bá pe vin jaune ní sherry àwọn tálákà tàbí sherry àwọn Faransé ti yẹ ọtí náà sílẹ̀, ó ti lọ mu òmíràn lọ́kàn rẹ̀.

A kò lè sọ̀rọ̀ ìwúkàrà ní Jura kí a má dárúkọ Louis Pasteur. Ìlú Dole ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1822, ṣùgbọ́n Arbois, tí í ṣe ìlú ọlọ́tí pàtàkì ní Jura, ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó sì máa ń padà sí nígbà ìsinmi títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní ọdún 1863, Napoleon Kẹta tó jẹ ọba Faransé nígbà náà ní kí ó wádìí ohun tó ń ba wáìnì jẹ́. Arbois ló ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí náà, ìwé rẹ̀ lórí wáìnì sì jáde ní 1866. Ní 1874 ó ra ọgbà àjàrà kan nítòsí ìlú náà. Ní 1878 ó kọ́ ilé onígíláàsì bo díẹ̀ nínú àjàrà ibẹ̀ kí èso tó pọ́n, ó sì fi òwú wé àwọn èso náà. Nígbà tí wọ́n pọ́n, ó fi hàn pé oje èso tí ìwúkàrà kò bà lé lára kò lè hó di ọtí.

Ohun tó tẹ̀yìn iṣẹ́ Pasteur yọ dé ọ̀dọ̀ wa náà. Òun ló fi han ayé pé bí a bá mú ohun mímu gbóná díẹ̀, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú, ohun mímu náà yóò sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ lówùúrọ̀ ti ń hó kí ó tó dé ọjà. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì àti èyí tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ nítòsí ìlú Benin lo ọgbọ́n Pasteur láti fi ẹmu sínú ìgò kí ó lè rìnrìn àjò. Iṣẹ́ rere ni, n kò bá wọn jà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti mu ẹmu nídìí ọ̀pẹ mọ̀ pé àwòrán ẹmu ló wà nínú ìgò náà.

Ohun tó jọ mí lójú nípa Jura ni pé ìlú tó tọ́ ọkùnrin yìí dàgbà, ìlú ẹni tó kọ́ ayé bí a ṣe ń pa kòkòrò inú ọtí, ni wọ́n ti ń bá ìwúkàrà gbé inú àgbá fún ọdún mẹ́fà. Wọn kò ka ẹ̀kọ́ Pasteur sí asán. Wọ́n ti kọ́ ọ débi pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ń pa ọtí àti èyí tó ń tọ́ ọ. Ọ̀nà méjì ló wà tí nǹkan fi lè pẹ́: kí a pa ohun tó ń yí i padà, tàbí kí a wá èyí tí yóò yí i padà sí rere, kí a sì jókòó tì í. Ọ̀nà kejì gba àkókò, ó sì gba àdánù, òun ni Jura sì yàn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi fún ohun tí mo ń wí wà ní abúlé kan tó ń jẹ́ Château-Chalon, tó jókòó sórí àpáta gíga, tí ọgbà àjàrà rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Vin jaune nìkan ni òfin gbà kí a fi orúkọ abúlé yìí pè. Ní ọdún 1936, nígbà tí ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dáàbò bo orúkọ àwọn agbègbè ọlọ́tí, Arbois wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀tọ́ yìí, Château-Chalon sì gba tirẹ̀ nínú oṣù kan náà. Orúkọ náà ń mówó wọlé, nítorí pé ọtí tó bá jẹ́ ẹ máa ń wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, kí wọ́n tó kórè lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ kan máa ń wọ inú ọgbà lọ yẹ èso wò. Ní ọdún 1974, èso kò dára tó. Wọ́n pinnu pé kò ní í sí Château-Chalon fún ọdún náà. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1980, ní 1984 àti ní 2001.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Àjàrà náà wà lórí igi. Ilẹ̀ náà kò yí padà. Amọ̀ rẹ̀ àti òkúta ẹfun rẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ló ń ṣe ìwà ọtí, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé Faransé ti máa ń wí, kò sí ìdí tí wọn ì bá fi du ọtí náà ní orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ló mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ogún lásán. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Château-Chalon ń wo ilé náà lọ́dọọdún, bí ilé kò bá dára, ọmọ kò ní í jẹ́ orúkọ náà. Àwọn tó ń kórè ni ìpinnu náà ń dùn. Ní àwọn agbègbè ńlá, bí ọdún kan bá burú, owó ọtí lè wálẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yóò ṣì wà lára ìgò, ẹni tó rà á ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ mọ̀ pé kò dára. Ní Château-Chalon, àwọn ọlọ́tí fúnra wọn ni lámèyítọ́ àkọ́kọ́.

Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé láàárín àwọn tí kò mọ bí a ti ń fi ẹnu kò. Ìtàn Jura kún fún irú ìfẹnukò yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1834, Arbois ṣọ̀tẹ̀ sí ọba, wọ́n kéde ìjọba aláìlọ́ba. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́ olórí wọn, wọ́n dáhùn pé olórí ni gbogbo àwọn. Ní 1906, àwọn àgbẹ̀ ìlú kan náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fún ṣíṣe ọtí, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Faransé, ó sì wà títí di òní. Orí òkè tó wà lẹ́yìn wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, níbi tí àwọn olùtọ́jú màlúù ti ń da wàrà wọn pọ̀ láti ayé àtijọ́ kí wọ́n lè ṣe wàràkàṣì Comté, nítorí pé wàrà màlúù ẹnì kan kò tó o ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án, kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, Arbois a máa ṣe ọdún tí wọ́n ń pè ní Biou. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mú èso àjàrà wá, wọn yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìdì ńlá kan, ọkùnrin mẹ́rin yóò sì fi èjìká gbé e lọ sí ilé ìjọsìn. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ọdún ìjẹṣu kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í ṣe ti akígbe ọba, nítorí náà ó yẹ kí n sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àkọ́kọ́, a kò gbọdọ̀ rò pé vin jaune nìkan ni Jura. Ìdá kékeré ni ó jẹ́ nínú ọtí ibẹ̀. Ọtí Poulsard wà, tí awọ èso rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ọtí pupa rẹ̀ mọ́ rekete bí omi oṣù, tí wọ́n sì máa ń gbé e kalẹ̀ ṣáájú ọtí funfun, èyí tó jẹ́ òdìkejì àṣà ibòmíràn. Ọtí Trousseau wà, tó le jù ú lọ. Ọtí dídùn kan tún wà tí wọ́n ń fún láti inú èso tí wọ́n sá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Lámèyítọ́ tó fojú fo ìwọ̀nyí ti sọ agbègbè kan di ìgò kan.

Èkejì, àwọn ọlọ́tí kan wà ní Jura tí wọ́n ń fi àṣà bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọtí tí a fi sùúrù fi sílẹ̀ àti èyí tí a kàn gbàgbé. Mo ti tọ́ ọtí funfun Jura kan wò rí tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ápù tó ti rà, tí wọ́n sì ń sọ fún ènìyàn pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ń mu ún. Ọtí tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, ibi yòówù kí ó ti wá. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn olólùfẹ́ Jura lóde òní, pàápàá àwọn tó kórìíra ohunkóhun tó bá mọ́ tónítóní nínú ọtí, ń yin àbùkù bí ẹni pé òun ni ìwà. Wọn kò ṣe Jura lóore. Bí Château-Chalon bá ronú bíi tiwọn, kò sí ọdún tí kì bá ti jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Èyí ló mú mi dé orí òkìkí tó dé bá Jura láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ọtí tí wọn kì í fẹ́ mu tẹ́lẹ̀ ní òkèèrè ti di ohun tí wọ́n ń wá kiri ní New York, ní London àti ní Tokyo. Ní ọdún 2018, wọ́n ta ìgò vin jaune kan tí wọ́n kórè èso rẹ̀ ní 1774 ní gbàǹjo ní ìlú Lons-le-Saunier, owó rẹ̀ sì jẹ́ 103,700 yúrò. Ní 2012, Guillaume d'Angerville, ìlú mọ̀ọ́ká ọlọ́tí láti Burgundy, ra ọgbà àjàrà nítòsí Arbois. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́, ilé oúnjẹ kan ní Paris ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n bu ọtí Chardonnay kan fún un láìsọ ibi tó ti wá, ó gbà pé ti Burgundy ni, àṣé ti Jura ni.

N kò rí àbùkù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ọtí tó ń ṣe ní Jura dára. Ṣùgbọ́n ìtàn náà sọ púpọ̀ nípa bí ayé ti ń mọyì ohun kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n ṣi Jura mú fún ẹlòmíràn ni ọjọ́ tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́tí Jura, ọ̀dọ́ àti àgbà, ló ń bu ọtí kún àgbá wọn bí ti Burgundy, nítorí pé irú èyí ló yá títà. Kò burú bí wọ́n bá ṣe méjèèjì, wọ́n sì ti ń ṣe méjèèjì tipẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ìgbà tí àgbá tí a pa tì fún ọdún mẹ́fà yóò di ohun tí ọmọ kò ní lè fara dà mọ́. Òtútù oṣù kẹrin ń dá kún ìbẹ̀rù mi. Ní 2017, ní 2021 àti ní 2024, ó pa ọ̀mùnú àjàrà lára igi, ìkórè sì kéré gidigidi. Ẹni tí ìkórè rẹ̀ ti dín kù báyìí, tí oníbàárà sì ń kan ilẹ̀kùn, yóò ti ṣe lè ní kí oníbàárà náà lọ padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà? Gbèsè tó jẹ kò ní dúró dè é. Bí Jura bá di Burgundy kékeré, òkìkí rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé jáde kúrò nínú iná ní ìgbà phylloxera yóò ti sọnù ní ìgbà ọrọ̀.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Mo ka Jura sí ọ̀kan nínú àwọn agbègbè ọlọ́tí tó níwà jù ní ayé, kì í ṣe nítorí pé gbogbo ọtí rẹ̀ dára, bí kò ṣe nítorí pé ó ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ó sì ń fi òṣùwọ̀n náà wọn ara rẹ̀ kí àlejò tó dé. Ó yẹ kí èyí kọ́ àwa náà lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà tó ń mu ẹmu nílẹ̀ wa mọ ìlú tí ẹmu rẹ̀ gbóná àti èyí tí ẹmu rẹ̀ rọ̀. Wọ́n mọ adẹ́mu tí kì í bu omi là á. Ẹnu wọn ni ìmọ̀ náà wà, kò sí òfin tó dì í mú, kò sí ìgbìmọ̀ tó ń gun ọ̀pẹ lọ wò ó. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá ti ń lọ ni orúkọ ń bá wọn lọ, tí ẹmu gbogbo sì ń di ẹmu kan náà. Òfin àwọn Faransé lè má bá ilẹ̀ wa mu, ṣùgbọ́n a lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ará Château-Chalon ti bẹ̀rẹ̀: kí àwọn tó ń dá ẹmu ní ìlú kan jókòó pọ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí èyí tí wọn kò ní í jẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ ìlú wọn.